Ọkọ̀ Aláìléèéfín Kẹ̀? Gbèsè Àyíká Bátìrì Ọkọ̀ àti Orúkọ tí ó Yẹ kí á Sọ Ọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti wúlò fún baba ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé dídá ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun titun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé dé. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ògbufọ̀ tí ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò, àti onímọ̀ tí ń kọ ìwé, gbogbo wọn ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n bá sọ nǹkan lónìí ni yóò máa júwe nǹkan náà fún àwọn tí kò ní àǹfààní láti fi ojú ara wọn rí i. Nítorí náà, bí orúkọ kan bá fi apá kan nǹkan hàn, tí ó sì bo apá kejì mọ́lẹ̀, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń fi iná mànàmáná tí a tọ́jú sínú bátìrì rìn dípò epo pẹtiróòlù. Ní ọdún 2024 nìkan, iye irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a tà káàkiri ayé, pẹ̀lú àwọn tí ó ń lo epo àti iná pọ̀, lé ní mílíọ̀nù 17. Èyí ju ọ̀kan lọ nínú ọkọ̀ titun márùn-ún. Ó ti di dandan kí èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: bí a bá wo ilé tí ọkọ̀ yìí ti wá, orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́, orúkọ wo ni ó sì yẹ bátìrì tí ó ń gbé e rìn? Èrò wa ni pé àwọn orúkọ tí ó yá ènìyàn lẹ́nu jù ni ó ń fi ìpalára tí bátìrì ń ṣe fún ilẹ̀, fún omi àti fún ènìyàn pamọ́, àti pé iṣẹ́ àwa tí à ń dá ọ̀rọ̀-ìperí ni láti wá àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí ó hàn.

‘Aláìléèéfín’ àti ‘Mímọ́’

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ènìyàn lẹ́nu ni ‘ọkọ̀ aláìléèéfín’. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn mọ́lúè rí ní ìlú Èkó yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ titun yìí kò ní sálẹ́ńsà, kò sì sí èéfín tí ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Orúkọ náà kì í ṣe irọ́, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni à ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé èéfín ni ìwà, ríru ni í ru. Èéfín kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè ṣe kò ju pé kí ó lọ dá iná rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Bí a ó ti rí i níwájú, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú èéfín ọkọ̀ yìí nìyẹn: ó ti ru ní ibòmíràn kí ọkọ̀ náà tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á.

Orúkọ kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn òyìnbó a máa sọ pé irú agbára báyìí jẹ́ agbára tí ó mọ́, ó sì rọrùn fún ògbufọ̀ tí ń kánjú láti kọ ‘agbára mímọ́’ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní etí Yorùbá, ohun tí a bá pè ní mímọ́ kì í ṣe ohun tí a fọ̀ nìkan; ó lè jẹ́ ohun tí a yà sọ́tọ̀, bí a ti ń sọ pé Bíbélì Mímọ́ tàbí Ẹ̀mí Mímọ́. Ohun tí ó bá jẹ́ mímọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò, a kì í sì í bi í léèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ ní ìwé sáyẹ́ǹsì: ó ti dá ẹjọ́ kí á tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí.

Òkúta tí ń Gbé Iná

Kí á tó dá orúkọ mìíràn, ó yẹ kí á mọ ohun tí bátìrì jẹ́. Àwọn àgbàlagbà wa kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó sọ bátìrì lórúkọ. Nígbà tí iná tọ́ọ̀ṣì àti rédíò alágbèéká dé, òkúta ni wọ́n pè é: òkúta tọ́ọ̀ṣì, òkúta rédíò. Wọ́n mọ̀ pé òkúta náà ní orí, ó sì ní ìdí, àti pé bí a bá dorí rẹ̀ kodò, iná kò ní í tàn. Àwa tí a kàwé a máa rò pé àìmọ̀ ni ó mú wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Johan August Arfwedson, ọmọ orílẹ̀-èdè Swídìn, ṣàwárí mẹ́táàlì titun kan ní ọdún 1817, inú òkúta ni ó ti rí i. Orúkọ tí a sì sọ mẹ́táàlì náà ni lítíọ̀mù, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí òkúta. Lítíọ̀mù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Li, ni ó fúyẹ́ jù nínú gbogbo mẹ́táàlì, òun ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú bátìrì ọkọ̀ òde òní. Bí àwọn àgbà wa àti àwọn onímọ̀ Yúróòpù kò tilẹ̀ gbìmọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ: òkúta.

‘Orí’ àti ‘ìdí’ tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ tó láti ṣàlàyé bí bátìrì yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní orí rẹ̀, a so lítíọ̀mù pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́táàlì mìíràn bíi kóbáàtì (Co), níkẹ́ẹ̀lì (Ni) àti máńgánísì (Mn). Ní ìdí rẹ̀ ni gíráfáìtì wà, irú ohun dúdú tí ó wà láàárín pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì bátìrì, àwọn áyọ́ọ̀nù lítíọ̀mù, ìyẹn egunrín lítíọ̀mù tí ó ti gbé agbára iná wọ̀, yóò kúrò ní orí lọ sí ìdí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, wọn a padà láti ìdí wá sí orí, àlọ àti àbọ̀ yìí ni ó sì ń mú kí iná ṣàn nínú wáyà. Irú bátìrì yìí kọ́kọ́ dé ọjà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì fún iṣẹ́ tí ó bí i.

Òkúta tọ́ọ̀ṣì kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ti ọkọ̀ yàtọ̀. Nínú bátìrì ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ irú èyí tí a júwe yìí, lítíọ̀mù lè tó kìlógíráàmù 8, níkẹ́ẹ̀lì 35, máńgánísì 20, kí kóbáàtì sì tó 14. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń so lórí igi. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wà wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń gbé lórí ilẹ̀ náà.

Orúkọ tí ó ń Ṣe Ìkìlọ̀

Ó dára kí á rántí bí méjì nínú àwọn mẹ́táàlì wọ̀nyí ti gba orúkọ wọn. Láyé àtijọ́, àwọn awakùsà ilẹ̀ Jámánì a máa bá òkúta kan pàdé nínú ilẹ̀ tí ó fi ara jọ èyí tí ó ní fàdákà tàbí bàbà nínú. Bí wọ́n bá gbé e sínú iléru, fàdákà kò ní í jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, èéfín olóró tí ó ní àsẹ́níìkì nínú ni yóò bò wọ́n. Wọ́n ní iwin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kobold ni ó ba òkúta náà jẹ́. Láti inú orúkọ iwin yìí ni kóbáàtì ti wá, mẹ́táàlì tí Georg Brandt yọ jáde ní nǹkan bí ọdún 1735. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti níkẹ́ẹ̀lì, tí Axel Cronstedt yọ jáde ní ọdún 1751. Òkúta rẹ̀ ń pọ́n bí ẹni pé bàbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbà kò jáde, àwọn awakùsà sì pè é ní bàbà iwin.

A kò sọ èyí kí á lè gba iwin gbọ́. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé awakùsà tí ó sọ àwọn mẹ́táàlì wọ̀nyí lórúkọ ti fi ara gbá ewu wọn, ó sì fi ìkìlọ̀ sínú orúkọ náà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa tí a wà ní ìparí ọ̀nà, tí a kò rí iléru, tí a kò sì gbóòórùn èéfín rẹ̀, ni a wá ń sọ pé aláìléèéfín ni.

Ilé Mẹ́ta tí Bátìrì ti Wá

Ilé àkọ́kọ́ tí a ó wò wà ní orílẹ̀-èdè Chile, ní aṣálẹ̀ Atacama, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó gbẹ jù lọ ní ayé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Salar de Atacama. Lábẹ́ rẹ̀ ni omi iyọ̀ wà tí lítíọ̀mù ti yòrò sínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fa omi iyọ̀ yìí sókè sínú adágún àfọwọ́gbẹ́ tí ó tẹ́ lọ bí pápá, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí oòrùn fà á gbẹ fún ohun tí ó lè ju ọdún kan lọ kí lítíọ̀mù inú rẹ̀ tó ki tó èyí tí a lè kó. Àwọn kan a máa sọ pé omi iyọ̀ kì í ṣe omi mímu, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri láàárín omi abẹ́ ilẹ̀ kan àti èkejì. Bí a bá ń fa ọ̀kan láìdábọ̀, ọkàn ẹni tí ń mu èkejì kò lè balẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Lickanantay, tí ó jẹ́ pé omi ìsun díẹ̀ tí ó wà létí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dáko, tí wọ́n sì fi ń sin ẹran láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ti ń ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ omi yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé méjì nínú àwọn oríṣi flamíńgò tí ń jẹ ní ibẹ̀, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ rẹ̀ ń pọ́n, ti fi nǹkan bí 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún 11.

Ilé kejì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo kóbáàtì tí a ń wà ní ayé tí ó ń ti orílẹ̀-èdè Kóńgò ti Kinshasa wá, pàápàá láti agbègbè ìlú Kolwezi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń wa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tálákà tí ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wà á pọ̀ lọ jàra. Ní ọdún 2014, àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọdé 40,000 ni ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi ìwakùsà gúúsù orílẹ̀-èdè náà, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà nídìí kóbáàtì. Nínú ìjábọ̀ tí àjọ Amnesty International gbé jáde ní ọdún 2016, a kà á pé àwọn ọmọ kan ń ru ẹrù wúwo fún wákàtí tí ó tó 12 lójúmọ́, tí owó iṣẹ́ wọn kò sì ju dọ́là kan sí méjì lọ. Ní ọdún 2014 kan náà, àwọn ará àdúgbò Kasulo ní Kolwezi gbọ́ pé kóbáàtì wà lábẹ́ ilé wọn. Inú iyàrá àti àgbàlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Lubumbashi àti Yunifásítì Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yẹ ara wọn wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 ni pé kóbáàtì àti àwọn mẹ́táàlì mìíràn ti bá eruku wọ inú ara àwọn ènìyàn náà, àti pé ti àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jù. A ní ilé ni à ń wò; ní Kasulo, ilẹ̀ ilé gan-an ni a hú.

Ilé kẹta wà ní orílẹ̀-èdè Íńdónéṣíà, níbi tí ohun tí ó ju ìdajì níkẹ́ẹ̀lì ayé lọ ti ń wá nísinsìnyí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ìjọba wọn ti fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ kó òkúta níkẹ́ẹ̀lì tútù lọ sí òkè òkun mọ́. A ní láti yọ́ ọ nílé. Ọgbọ́n wà nínú òfin náà, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí èrè iṣẹ́ kù sọ́dọ̀ ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí àwọn iléru ńláńlá tí ó wà ní Morowali, ní erékùṣù Sulawesi, ń lò, èédú tí a wà nínú ilẹ̀ ni a ń jó kí á tó rí i, a sì ń ṣán igbó kí ibi ìwakùsà lè gbòòrò. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, iléru kan bú gbàmù ní Morowali, òṣìṣẹ́ 21 ni ó sì bá a lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá èéfín ọkọ̀ aláìléèéfín, apá kan rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ní orúkọ fún pàǹtí tí ó máa ń kù ní iléru nígbà tí irin bá ti jáde kúrò lára òkúta: ìdàrọ́ ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà náà, òkìtì ìdàrọ́ kì í jìnnà sí iléru, iléru kì í sì í jìnnà sí ìlú. Ẹni tí ó ra ọkọ́ àti àdá mọ ibi tí ìdàrọ́ rẹ̀ wà, ó sì mọ igbó tí a ṣán láti fi ṣe èédú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà náà àti ìgbà yìí ni pé òkun ti wà láàárín ọkọ̀ àti ìdàrọ́ rẹ̀.

Ìdí tí a fi Pè é ní Gbèsè

Ọ̀rọ̀ wo ni a ó wá lò fún gbogbo ìpalára tí a kà sílẹ̀ yìí? ‘Iye owó’ kò bá a mu, nítorí pé iye owó ni ohun tí a na ìka sí ní ìsọ̀, tí a ná, tí a sì san. Èyí kò sí nínú ohun tí a san. ‘Gbèsè àyíká’ ni a yàn. Láyé àtijọ́, bí baba bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ẹni tí ó ná owó náà kọ́ ni ó ń ro oko olówó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Gbèsè àyíká ni gbèsè tí ẹni tí ó ń gbádùn ohun kan jẹ, tí ó lè máà tilẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń fi ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ àti ara rẹ̀ san án.

Ṣé kí á padà sí epo pẹtiróòlù nígbà náà? Rárá. Onímọ̀ kò gbọdọ̀ torí àbùkù ẹnì kan dá ẹnì kejì láre. Epo náà ní gbèsè tirẹ̀. Ní ọdún 2011, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí ń bójú tó àyíká jábọ̀ pé ìwẹ̀nùmọ́ ilẹ̀ Ògóni tí epo ti bà jẹ́ lè gba ọdún 25 sí 30. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n fi ń ka gbogbo ohun tí ọkọ̀ kan ń náni láti ìgbà tí a ti wa ohun èlò rẹ̀ nínú ilẹ̀ títí di ìgbà tí a ó fi dá a padà sí ilẹ̀. A dábàá pé kí á máa pe èyí ní ‘ìṣirò ilẹ̀-dé-ilẹ̀’. Àjọ International Council on Clean Transportation ṣe irú ìṣirò yìí ní ọdún 2021 lórí àwọn afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná. Wọ́n rí i pé ti ọkọ̀ oníbátìrì kéré sí ti ọkọ̀ elépo ní ìwọ̀n 66 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún ní Yúróòpù, 60 sí 68 ní Amẹ́ríkà, 37 sí 45 ní Ṣáínà, àti 19 sí 34 ní Íńdíà. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí jù ni iná tí a fi ń ṣáàjì ọkọ̀ náà. Ibi tí èédú bá ti ń pèsè iná, èrè tí ó wà nínú ọkọ̀ oníbátìrì a dín kù.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkíní ni pé ọkọ̀ oníbátìrì ṣàǹfààní lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná ni à ń sọ. Èkejì ni pé ìṣirò náà kò ka omi Atacama, kò sì ka eruku Kasulo. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òǹkọ̀wé tí ó bá mú nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó sì fi pe gbogbo ọkọ̀ náà ní ‘mímọ́’ ti fi ẹ̀fà pe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Bátìrì bá Di Tòkúnbọ̀

Títí dé ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayé bátìrì ni a ń sọ. Òpin ayé rẹ̀ ni ó kàn wá jù, àwa ará ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni Tòkúnbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté Èkó àti ti Kútọnu wọlé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára tí bátìrì lè gbé a máa dín kù. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníbátìrì ní tòkúnbọ̀, bátìrì tí ó ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó rà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ṣeé ṣe kí bátìrì náà kú sí.

Ohun tí bátìrì àtijọ́, èyí tí a fi òjé ṣe, ti ṣe ní apá ibí yìí tó ìkìlọ̀ fún wa. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá ìlú Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ni òjé pa láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, nítorí pé àwọn ènìyàn ń tú bátìrì ọkọ̀ àlòkù ní àdúgbò kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ tà. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò ní ọdún 2025. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méje nínú mẹ́wàá ni a ti rí òjé tí ó tó láti pa wọ́n lára. Òótọ́ ni pé òjé kọ́ ni ó wà nínú bátìrì tí ó ń gbé ọkọ̀ titun rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó tú bátìrì òjé lánàá ni yóò tú ti lítíọ̀mù lọ́la, bátìrì lítíọ̀mù a sì máa gbiná bí a bá gún un tàbí bí a bá lù ú, èéfín rẹ̀ a sì ní oró nínú.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé bátìrì náà ti ń sún mọ́ wa. Àpáta tí lítíọ̀mù wà nínú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Nasarawa, ní Kwara, ní Èkìtì, àti ní apá Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press jábọ̀ pé àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ń fọ́ òkúta lítíọ̀mù ní agbègbè Pasali, tí kò jìnnà sí Abuja. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni à ń sọ.

Àtúnṣe sì ṣeé ṣe. Nǹkan bí ìdajì bátìrì tí a fi sí ọkọ̀ oníbátìrì ní ọdún 2024 ni kò ní kóbáàtì tàbí níkẹ́ẹ̀lì nínú rárá. Irin àti fọ́sífétì ni a lò ní orí wọn. Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé láti ọdún 2031, kóbáàtì tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ titun gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún tí a yọ láti ara ohun àlòkù. Ti lítíọ̀mù àti ti níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìdá 6. Òfin náà tún là á sílẹ̀ pé láti oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá.

Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a Dábàá

Lórí gbogbo ohun tí a ti sọ, a gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kalẹ̀ fún ìyẹ̀wò:

1. Ọkọ̀ oníbátìrì: ọkọ̀ tí ó ń fi iná inú bátìrì rìn. A yàn án dípò ‘ọkọ̀ aláìléèéfín’, nítorí pé ohun tí ọkọ̀ náà ní ni ó sọ, kì í ṣe ohun tí a fẹ́ kí ènìyàn gbà gbọ́ nípa rẹ̀.

2. Orí àti ìdí bátìrì: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí iná ń gbà jáde tí ó sì ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Kò sí ìdí tí a ó fi dá òmíràn.

3. Ìdàrọ́: pàǹtí iléru, yálà ti irin ni tàbí ti níkẹ́ẹ̀lì. Kí á jí ọ̀rọ̀ yìí dìde nínú ìwé ẹ̀kọ́.

4. Gbèsè àyíká: ìpalára tí ohun kan ń ṣe fún ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ènìyàn, tí kò sí nínú iye owó rẹ̀.

5. Ìṣirò ilẹ̀-dé-ilẹ̀: ìṣirò gbogbo ayé nǹkan, láti ibi ìwakùsà títí dé ibi tí a ó kó pàǹtí rẹ̀ sí.

6. Àtúnlò àti àtúnyọ: a ti ń lo ‘àtúnlò’ fún ohun méjì tí kò jọra. Bí a bá gbé bátìrì tí kò lè wa ọkọ̀ mọ́ lọ sí ilé kí ó máa tọ́jú iná oòrùn, àtúnlò ni. Bí a bá tú u ká, tí a fi iná tàbí ásíìdì yọ mẹ́táàlì inú rẹ̀ jáde, àtúnyọ ni. Àṣìṣe Ògijo àti Thiaroye wà nínú àtúnyọ, kò sí nínú àtúnlò. Èdè tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò lè ṣe òfin lórí wọn.

7. Ìwé ìdílé bátìrì: àkọsílẹ̀ tí òfin Yúróòpù ń bèèrè. Ìbá wù wá kí á pè é ní oríkì bátìrì, nítorí pé oríkì kì í fi ilé tí ènìyàn ti wá pamọ́. Ṣùgbọ́n a ti lo ‘oríkì’ fún ohun mìíràn nínú èdè-ìperí.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ọ̀rọ̀-ìperí já mọ́ níwájú iléru Morowali àti kòtò Kasulo. Ọ̀rọ̀ kò lè dí kòtò. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ́ pé ‘ọkọ̀ aláìléèéfín’ ni kò ní ìdí kankan láti béèrè ibi tí èéfín náà lọ, èyí tí a sì kọ́ pé ‘agbára mímọ́’ ni kò ní béèrè ohunkóhun. Bí ọmọ Òkè-Ògùn bá dàgbà pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, tí ẹni tí ń wá lítíọ̀mù sì dé ìlú rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, èdè wo ni yóò fi bi í pé níbo ni ẹ ó da ìdàrọ́ sí, ta ni yóò sì san gbèsè àyíká rẹ̀?

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ mú òkúta tọ́ọ̀ṣì kan wọ kíláàsì, kí ẹ fi orí àti ìdí rẹ̀ han àwọn ọmọ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ilẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ti wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá lókè yìí kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, tàbí tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn awakùsà àti àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ̀ ń lò, kí ó fi ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí á wo ilé náà kí á tó sọ ọ́ lórúkọ.